Olú Tí Í Pa Kòkòrò

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ẹ̀pẹ́, tata yọ bàbá mi lẹ́nu lórí oko ẹ̀gẹ́. Bàbá fọ́n oògùn sí wọn. Tata kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n adìyẹ tó ṣa òkú wọn jẹ kú pẹ̀lú. Ìyá mi ní, “Baálé mi, ṣé tata lẹ fẹ́ pa ni, àbí àwa?”

Ìbéèrè yẹn ti pẹ́ láyé. Ní 1879, ní Odessa, kòkòrò ẹlẹ́yìn-líle ń run oko àlìkámà. Metchnikoff rí olú kan, irú èyí tí í hù lára búrẹ́dì tó bu, tó ń pa wọ́n. Metarhizium ni wọ́n ń pè é.

Ní 1989, lẹ́yìn tí eṣú ti da Áfíríkà láàmú, IITA ní Kutọnu pẹ̀lú àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ LUBILOSA. Wọ́n po lẹ́búlẹ́bú olú yìí mọ́ òróró, wọ́n sì dán an wò lára tata ilẹ̀ Benin. Bó bá ti kan ara tata, á hù, á lu awọ wọlé, á sì máa jẹ ẹ́ nínú. Kì í pa adìyẹ.

Mo sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ mi kan tó ń dáko ní Ìkòròdú.

Ó ní, “Ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí tata tó kú? Ta ni yóò máa bọ́ ọ?”

Mo ní oúnjẹ kì í wu aláìsàn, tata pàápàá. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Adìyẹ ìyá mi ìbá jẹ́rìí mi.