Ọfà àti Ọ̀fà: Bí a ṣe ń Wọn Ẹ̀rí nínú Ìtàn Ìlú

Ìjàkadì ni a fi ń mọ àwọn ọmọ Ọ̀fà, ìlú ńlá ilẹ̀ Ìbọ̀lọ́ tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Ṣùgbọ́n ìjàkadì mìíràn wà tí kò ní agbo, tí kò sì ní onílù, èyí tí í ṣe ìjàkadì ọ̀rọ̀ lórí ibi tí orúkọ ìlú náà ti ṣẹ̀ wá. Ìtàn tí ó gbajúmọ̀ jù lọ sọ pé Ọlálọmí, ọmọ aládé kan láti Ọ̀yọ́, ni ó tẹ ìlú náà dó. Pé ọdẹ ni, ó sì mọ ọfà ta tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń pè é ní Ọlọ́fàgangan. Nítorí náà, láti ara ọfà rẹ̀ ni ìlú ti gba orúkọ.

Ọ̀rọ̀ kékeré ni “nítorí náà” yìí, síbẹ̀ òun ni ó sọ ìtàn di àríyànjiyàn. Kí ó tó dé, ìròyìn lásán ni a ń gbọ́, pé ẹnìkan wá, pé ó jẹ́ ọdẹ, pé ó ní oríkì kan. Nígbà tí ó dé, ìròyìn wọ̀nyí di ẹ̀rí, a sì gbé àbá kan lé wọn lórí. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ó wà níwájú ẹni tí ń ka ìtàn ni kí ó mọ ibi tí ìròyìn parí sí àti ibi tí àbá ti bẹ̀rẹ̀.

Èyí kò rọrùn tó bí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ti rò, nítorí pé ojú méjì ni ọ̀rọ̀ náà “nítorí” ní. Bí ẹnìkan bá wí pé, “Ọ̀fà tú nítorí pé ogun Ìlọrin dó tì í,” kò sí ẹni tí ń jiyàn pé ìlú náà tú. Ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni, ohun tí ó fà á nìkan ni a ń wí. Bí ẹlòmíràn bá sì wí pé, “Ọfà ni Ọlálọmí ń ta, nítorí náà ọfà ni orúkọ ìlú ti wá,” ohun tí a lè ṣiyèméjì sí ni ó fẹ́ kí a gbà. Ti àkọ́kọ́ ń ṣe àlàyé. Ti èkejì ń bẹ̀bẹ̀ fún ìgbàgbọ́ wa. Olùkọ́ tí kò bá fi ìyàtọ̀ yìí han akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ yóò rí i pé wọn yóò máa jiyàn níbi tí iyàn kò sí, wọn yóò sì dákẹ́ níbi tí ó yẹ kí wọ́n jà.

Ẹ̀kọ́ wíwọn ọ̀rọ̀ báyìí kì í ṣe ohun tí Òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ilẹ̀ wa. Lóòótọ́, Aristotle ará Gíríìsì ni a ń pè ní baba rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn àlùfáà Mùsùlùmí ti ń kọ́ ọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n ń pè é ní mantiq, ewì tí al-Akhdari ti ilẹ̀ Àlìjíríà kọ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún sì ni ọ̀pọ̀ fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Kí ewì yẹn tó jáde ni al-Maghili, ẹni tí ó wá sí Kánò ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún, ti bá al-Suyuti ará Káírò ṣe iyàn lórí ẹ̀kọ́ náà. Al-Suyuti ní àwọn àgbà ẹ̀sìn ti kọ̀ ọ́. Al-Maghili ní a kì í kọ òtítọ́ nítorí ẹni tí ó gbé e wá. Ẹ jẹ́ kí iyàn wọn dúró síbẹ̀ ná. A óò tún kàn án níwájú.

Nísinsìnyí, kí a padà sí Ọ̀fà. Láàárín ẹ̀rí àti àbá, igi kan wà tí ó ṣe afárá, tí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ kò dárúkọ. Igi náà ni pé, bí ọ̀rọ̀ kan bá jọ orúkọ ìlú, tí ó sì bá iṣẹ́ ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ dó mu, ọ̀rọ̀ náà ni orúkọ ti wá. Gbogbo ẹrù ni ó wà lórí igi yìí. Ǹjẹ́ ó lè gbà á? Ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni a fi ń pe ọfà tí a ń ta. Ohùn ìsàlẹ̀ méjì ni a fi ń pe Ọ̀fà ìlú. Nínú èdè tí ohùn ti ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ya igbá kúrò lára igba, ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Àkọtọ́ àtijọ́ tí ó kọ orúkọ ìlú náà ní “Offa,” láìfi àmì sí i, ni ó bo ìyàtọ̀ náà mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a sì ń kọ ọ́ nínú ìwé ìjọba títí di òní.

Àwọn kan yóò fò sókè níhìn-ín pé ìtàn náà ti wó. Kò tíì wó. Àwọn náà ti gbé afárá tiwọn kalẹ̀ láìdárúkọ rẹ̀, èyí ni pé ohùn orúkọ ìlú kì í yí padà. Bẹ́ẹ̀ ni a sì ń sọ pé ẹ̀bá ọ̀dàn ni Ìbàdàn, tí àwọn tí ń sọ ọ́ kò ka ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì sí ìdínà. Ohun tí ìyàtọ̀ ohùn ṣe ni pé ó gbé ẹrù ẹ̀rí lé orí ẹni tí ó ní Ọ̀fà ti ara ọfà wá: òun ni yóò fi ọ̀nà tí ohùn náà gbà yí hàn.

Ọ̀nà kan wà tí ó lè tọ̀. Ọlọ́fà ni oyè ọba ìlú náà. Bí a bá so “oní” mọ́ “ọfà,” Ọlọ́fà ni yóò jáde. Bí a bá sì so ó mọ́ “Ọ̀fà,” Ọlọ́fà náà ni yóò jáde. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni “ọrọ̀” àti “ọ̀rọ̀” ti rí: ẹni tí ó lówó, ọlọ́rọ̀ ni, ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ tí a ń sọ, ọlọ́rọ̀ ni òun náà. Ó lè jẹ́ pé oríkì ẹni tí ó ní ọfà ni Ọlọ́fà kọ́kọ́ jẹ́, tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn wá gbọ́ ọ bí ẹni pé “ọba Ọ̀fà” ni, tí wọ́n sì tipa bẹ́ẹ̀ fún ìlú ní ohùn ìsàlẹ̀ méjì. Ṣùgbọ́n ó tún lè jẹ́ pé Ọ̀fà ni ìlú náà ń jẹ́ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, tí ẹnìkan gbọ́ Ọlọ́fà, tí ọfà wá sí i lọ́kàn, tí ìtàn ọdẹ sì tẹ̀lé e. Ẹ̀rí tí ó bá àbá méjì mu bákan náà kò ran ọ̀kan nínú wọn lọ́wọ́. Nítorí náà ẹni tí ó na ọwọ́ sí oyè ọba pé òun ni yóò parí ìjà kò tíì parí nǹkankan.

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò pin sí Ọ̀fà. Ní Ìlọrin a ń fi òkúta kan han àlejò, a ní orí rẹ̀ ni àwọn ará àtijọ́ ti ń lọ irin. Òkúta náà wà, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n òkúta lè fún ìlú ní orúkọ, orúkọ ìlú sì lè fún òkúta ní ìtàn, òkúta fúnra rẹ̀ kò sì lè sọ èwo ni.

Lẹ́yìn ohùn, ohun tí àwọn aláríyànjiyàn máa ń sá tọ̀ ni ìwé, níbi yìí ni a ti tún pàdé al-Suyuti: “Àwọn àgbà ti wí i.” Samuel Johnson parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897; ìwé náà sọnù lọ́wọ́ òǹtẹ̀wé ní Òkè-Òkun, àbúrò rẹ̀, Obadiah Johnson, tún un kọ, ó sì jáde ní 1921. Nípa ogun tí ó tú Ọ̀fà ní nǹkan bí ọdún 1890, nígbà tí àwọn ará Ìlọrin lábẹ́ Balógun Kárárá dó tì í, ẹ̀rí Johnson lágbára, nítorí pé ó ṣe ojú rẹ̀, òun pàápàá sì wà lára àwọn tí ń gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà láti ibùdó kan dé èkejì ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn. Nípa ìtẹ̀dó ìlú, tí ó ti kọjá kí a tó bí baba ńlá rẹ̀, ohun tí a sọ fún un ni ó kọ. Ọkùnrin kan náà, ìwé kan náà, ṣùgbọ́n ìwọ̀n méjì. Bí ìwé mẹ́wàá bá sì tún ohun kan náà sọ lẹ́yìn rẹ̀, wọn kì í ṣe ẹlẹ́rìí mẹ́wàá bí gbogbo wọn bá pọn omi níbi kan náà. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ pé àgbà tí a lọ bi léèrè ti gbọ́ ti inú ìwé. David Henige fi irú èyí hàn ní 1973 nípa àwọn Fante ti etíkun Gánà: ohun tí a tẹ̀ sínú ìwé ti padà sẹ́nu àwọn ará ìlú, ó sì ti di ìtàn àtẹnudẹ́nu.

Bí ó bá ṣe pé orúkọ nìkan ni, a lè fi iyàn náà sílẹ̀ fún àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ìtàn kan náà ni a ń gbé dé ilé-ẹjọ́ nígbà tí ilẹ̀ àti oyè bá dìjà. Ní 1957, nínú ẹjọ́ ilẹ̀ kan tí ó ti Gánà dé iwájú Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹjọ́ Kojo Kejì àti Bonsie, Lord Denning ní bí ìtàn ìhà méjèèjì bá takora, kí adájọ́ má ṣe wo ojú ẹlẹ́rìí láti mọ èyí tí ó ń sọ òtítọ́. Àwọn méjèèjì lè gba ohun tí baba wọn sọ gbọ́ tọkàntọkàn. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní àwọn ọdún àìpẹ́ ni kí a fi wọn ìtàn, kí a sì wo èyí tí ó ṣeé ṣe jù. Àwọn ilé-ẹjọ́ Nàìjíríà ti tẹ̀lé ìlànà yìí láti ìgbà náà.

Ìlànà rere ni, ó fi òótọ́ inú ẹni tí ń sọ̀rọ̀ sí ipò tirẹ̀, ó fi òtítọ́ ọ̀rọ̀ sí ipò tirẹ̀. Síbẹ̀ ìlú bí Ọ̀fà ń béèrè ìṣọ́ra. Ta ni ó dá oko níbẹ̀, ta ni ó gba ìṣákọ́lẹ̀, ta ni ó sìnkú sí i? Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé 1890, àwọn ọmọ Ọ̀fà ti fọ́n káàkiri. Ní 1893 ni Gómìnà Carter ti Èkó lọ sí òkè tí ogun Ìbàdàn àti Ìlọrin fi tú. Ẹni tí ó bá wá wí pé, “A kò rí oko wọn níhìn-ín ní ìgbà yẹn, nítorí náà ilẹ̀ náà kì í ṣe tiwọn,” ti fi àìsí oko ṣe àìsí ẹ̀tọ́. Ogun ti ṣe àlàyé àìsí oko náà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n idà yìí ní ojú méjì: ọmọ Ọ̀fà tí ó bá sọ pé ogun nìkan ni ó dí òun lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ń dá oko níbẹ̀ kí ogun tó dé, nítorí pé ogun lè ṣe àlàyé ìdí tí oko fi tán, kò lè fi hàn pé oko ti wà rí.

Àwọn tí wọ́n rántí àwọn oko ìṣáájú ogun ti kú tán, ohun tí wọ́n sọ fún àwọn ọmọ wọn ni ó kù. Kí ẹni tí ń gba ìtàn sílẹ̀ kọ ohùn orí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì, kí ó kọ ibi tí ẹni tí ń sọ ọ́ ti gbọ́ ọ, kí ó sì fi ojú pàtàkì wo ọ̀rọ̀ èyíkéyìí tí agbo ilé kan sọ tí ó pa agbo ilé náà lára.