Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì Kì í Ṣe Ti Ẹ̀sìn Kan Ṣoṣo

  

Ọ̀yọ́ ni mo ti lo wàláà kí n tó wọ yunifásítì. Bàbá mi kò rí irú àyè bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó tó iléèwé lọ, bàbá tó bí i kọ̀ jálẹ̀: "Ọmọ tó bá tẹ̀lé wọn, orúkọ rẹ̀ á yí, ìrun rẹ̀ á sì sọnù." Bàbá mi dàgbà, ó mọ Kùránì lórí, ṣùgbọ́n kò lè ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò oògùn. Èmi ni mo ń kà á fún un.

Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì ló ni ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni? Rárá o. Ẹ jẹ́ kí á wo ìtàn. Ibn al-Shatir, tí ó kú ní ọdún 1375, ni ó ń ṣírò àsìkò ìrun ní mọ́sálásí ńlá ìlú Damásíkù. Ó ṣírò ìrìn òṣùpá pẹ̀lú. Nígbà tí Copernicus, òṣìṣẹ́ ìjọ Àgùdà, tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1543 pé ayé ló ń yí oòrùn po, ìṣirò òṣùpá tí ó lò bá ti Ibn al-Shatir mu. Ibn al-Shatir kò sọ pé ayé ń yí oòrùn po o. Ṣùgbọ́n onímọ́sálásí àti oníṣọ́ọ̀ṣì pàdé lórí ìṣirò kan náà. Ní apá ọ̀dọ̀ tiwa níhìn-ín, Muhammad al-Kashnawi, ọmọ Katsina, di àgbà nínú ìmọ̀ ìṣirò, ó sì kọ́ni ní Káírò kí ó tó kú síbẹ̀ ní 1741.

Ṣùgbọ́n òtítọ́ korò. Ní 1580, ọba mùsùlùmí ní Istanbul pàṣẹ kí wọ́n wó ilé tí Taqi al-Din ti ń wo ìràwọ̀. Ní 1633, ìjọ Àgùdà ní Róòmù dá Galileo lẹ́bi nítorí pé ó gbè sẹ́yìn Copernicus. Wọ́n sé e mọ́lé títí ó fi kú. Ẹlẹ́sìn méjèèjì ló ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ìmọ̀ rí.

Àwa náà tì í. C.M.S. gbé kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew's wá sí Ọ̀yọ́ ní 1896; Dókítà George Green ti ìjọ Onítẹ̀bọmi gbé iṣẹ́ ìwòsàn dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1907. N kò bú àwọn bàbá wa. Òótọ́ ni pé iléèwé àti ṣọ́ọ̀ṣì jọ wọlé ni. Ṣùgbọ́n a kì í bínú orí ká fi fìlà dé ìbàdí. Ohun tó tọ́ ni kí á kọ́ tiwa, bí ẹgbẹ́ Ansar-ud-Deen ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1923.

Láti 1990 ni yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Síbẹ̀, mo ṣì ń gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé kéwú nìkan tó ọmọbìnrin. Ẹ jọ̀ọ́, lọ́jọ́ tí ìyàwó wa bá ń rọbí, ta ni a ó sáré pè?

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tó wúlò. Àmín.