Ẹsẹ̀ Wíwẹ̀ (Ìsìn Kristẹni)

Ẹsẹ̀ wíwẹ̀ ni ààtò tí ìjọ fi ń rántí alẹ́ tí Jésù wẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ (Jòhánù 13). Iṣẹ́ ẹrú ni nígbà náà, ìdí nìyẹn tí Pétérù fi kọ́kọ́ kọ̀. Àwọn kan ní àṣehàn lásán ni, pàápàá bí bíṣọ́ọ̀bù bá ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan péré lọ́dún, ní Ọjọ́bọ̀ Mímọ́. Àríwísí náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, àmọ́ àwọn tó ń ṣe ààtò ló bá wí, kì í ṣe ààtò fúnra rẹ̀: Tímótì Kìíní 5:10 ka ẹsẹ̀ wíwẹ̀ mọ́ ọmọ títọ́ àti ríran olùpọ́njú lọ́wọ́, iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ní 2013, Póòpù Francis wẹ ẹsẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ ẹlẹ́wọ̀n ní Róòmù, obìnrin àti Mùsùlùmí wà nínú wọn. Ní 2016, òfin ìjọ Kátólíìkì fàyè gba kí a wẹ ẹsẹ̀ obìnrin nínú ààtò náà.