Ìtàn Ẹṣin Rírà: Láti Ọ̀yọ́ Ilé títí dé Etí Òkun Lẹ́kí

Díẹ̀ nínú àwọn ọmọ ìlú wa tí ń bẹ ní ìdálẹ̀ ti ń béèrè lọ́wọ́ wa bóyá ènìyàn lè rí ojúlówó ẹṣin eré ìdárayá rà ní ìhà Ajah àti Lẹ́kí láìjẹ́ pé ó ránṣẹ́ sí òkè òkun. Kí a tó dá wọn lóhùn, ó yẹ kí a sọ ìtàn.

Ní etí ọ̀sà tiwa níhìn-ín, ọkọ̀ ojú omi ni ẹṣin àwọn baba wa. Nígbà tí wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní 1851, omi ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gbà dé Ẹ̀pẹ́. Ilẹ̀ igbó kò gba ẹṣin, nítorí àìsàn tí eṣinṣin ìrù ń gbé kiri níbẹ̀ a máa pa á.

Ọ̀yọ́ Ilé, tí ó wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn, ni ẹṣin ti di agbára ìjọba. Síbẹ̀, rírà ni àwọn Ọ̀yọ́ pàápàá ń ra èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹṣin wọn lọ́wọ́ àwọn ará Òkè Ọya; owó ẹrú tí wọ́n tà sí etí òkun sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń san án. Àwọn ẹrú Haúsá ni ó ń tọ́jú ẹṣin náà. Nígbà tí àwọn ẹrú wọ̀nyí ṣọ̀tẹ̀ ní Ìlọrin ní nǹkan bí 1817, ọwọ́ tí ń tọ́jú ẹṣin bọ́, ọ̀nà tí a ń gbà rà á sì dí. Lójú tiwa, ìjọba tí ń ra ohun ìjà rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn ti fi ọrùn rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹṣin kò ran Ìlọrin náà lọ́wọ́ títí: ní nǹkan bí 1840, àwọn Ìbàdàn ṣẹ́gun wọn ní Òṣogbo.

Ní 1904 ni a dá ẹgbẹ́ pólò sílẹ̀ ní Èkó. Láti ìgbà náà ni ẹṣin Òkè Ọya ti ń wọ Èkó fún eré. Lẹ́yìn náà ni ti Sudan àti ti Argentina.

Èyí tí àwọn ọmọ wa ń béèrè yàtọ̀. Ẹṣin tí àwọn Òyìnbó ń pè ní warmblood (ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò gbóná ju ti ẹṣin yòókù lọ o, orúkọ lásán ni) jẹ́ ẹṣin tí a fi ìṣọ́ra sìn. Ní 1735 ni Ọba George Kejì dá ilé akọ ẹṣin sílẹ̀ ní Celle ní ilẹ̀ Jámánì, a sì ń kọ ìran àwọn ẹṣin náà sínú ìwé. Ẹṣin bẹ́ẹ̀ a máa ga tó ọwọ́ 16, ọwọ́ kan sì jẹ́ ínǹṣì 4. Èyí tí a ń rí ní Kánò àti Kàtsínà kì í sábà ga tó bẹ́ẹ̀. Àrùn ẹṣin ilẹ̀ Áfíríkà, tí kantíkantí ń gbé kiri, tètè ń pa àlejò láti Yúróòpù.

Nítorí náà, ẹṣin Òkè Ọya, tàbí àdàlù rẹ̀ pẹ̀lú ti Argentina, ni ẹni tí ń rà á nílé yóò máa rí. Ìwé ìran kì í sábà bá a wá. Kí dókítà ẹran wo eyín rẹ̀ fún ọjọ́ orí, kí ó wo pátákò, kí ó sì gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́. Yanrìn ilẹ̀ wa tún ń fa inú rírun: ẹṣin tí ń jẹun nílẹ̀ a máa gbé yanrìn mì, nítorí náà inú ọpọ́n ni kí a máa bu oúnjẹ rẹ̀ sí. Láti ìgbà tí a ti la ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ ní ayé ìjọba Jákàńdè, ilé ti gba ilẹ̀ pápá Ajah. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ẹṣin, kí ó kọ́kọ́ wá ilẹ̀ síhà Ìbẹ̀jú.