Ọ̀nà tí Géèmù ń Gbà Dé Warri: Ìtàn Ohun tí Ó ń Fà Á Sẹ́yìn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọ̀dọ́ tí ó jókòó sí ilé rẹ̀ ní Warri, tí ó fẹ́ fa géèmù kan wálẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì sínú kọ̀ǹpútà, tí ilẹ̀ ṣú, tí ilẹ̀ mọ́, tí iṣẹ́ náà kò tíì dé ìdajì, iwájú nìkan ni ó sábà máa ń wò. Yóò bú ilé-iṣẹ́ tí ó ta détà fún un, yóò sì tún ra détà mìíràn lé e. Bí ó bá wo ẹ̀yìn, yóò rí i pé ìfàsẹ́yìn náà ní ìtàn, àti pé ibi tí ìdínà wà kì í dúró sójú kan. Ó ti wà nínú òkun rí, ó ti wà lójú òfuurufú, ó sì ti wà lórí ilẹ̀ láàrin Èkó àti Warri. Lóde òní, kò ṣọ̀wọ́n kí ó jẹ́ inú ilé ẹni tí ń ráhùn gan-an ni ó wà.

Láti Orí Wáyà Dé Ojú Òfuurufú

Ní ọdún 1886 ni ilé-iṣẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan, African Direct Telegraph Company, na wáyà abẹ́ òkun dé etíkun ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Èkó, Brass àti Bonny ni wáyà náà gúnlẹ̀ sí. Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí pé méjì nínú ìlú mẹ́ta yìí wà ní agbègbè ẹnu Odò Ọya, níbi tí Warri pẹ̀lú wà, nítorí pé níbẹ̀ ni òwò epo pupa ti gbilẹ̀. Iye ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú ìwé wáyà ni wọ́n fi ń ṣírò owó rẹ̀, nítorí náà ẹni tí ó gbọ́n a máa gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ẹni tí ó fẹ́ rán ohun púpọ̀ gba ọ̀nà tóóró ti ń jìyà.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1985 ni ìjọba àpapọ̀ da ẹ̀ka tẹlifóònù ti ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ pọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ tí ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀ pẹ̀lú òkè-òkun, tí wọ́n sì sọ wọ́n di NITEL. Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì wọlé dé ní àárín àwọn ọdún 1990, àwo sátẹ́láìtì ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá àti àwọn ilé káfè íntánẹ́ẹ̀tì gbára lé jù. Irú sátẹ́láìtì bẹ́ẹ̀ wà ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà sókè. Ìbéèrè yóò gòkè, yóò sọ̀ kalẹ̀. Ìdáhùn náà yóò gòkè, yóò sọ̀ kalẹ̀. Ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá ti lọ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Owó rẹ̀ wọ́n, ọ̀nà rẹ̀ sì há. Kò sí ẹni tí yóò fi irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ fa géèmù wálẹ̀. Inú àwo CD ni géèmù ń bá wọ ìlú, láti ọwọ́ oníṣòwò sí ọwọ́ oníbàárà, àwo kan kì í sì í gbà ju nǹkan bí 700 mẹ́gábáìtì lọ.

Okùn Abẹ́ Òkun Gúnlẹ̀ sí Èkó

Ọdún 2002 ni wọ́n ṣí SAT-3, okùn abẹ́ òkun tí ó ti Pọ́túgà wá títí dé Gúúsù Áfíríkà, tí ó sì yà ní Èkó. Dígí tín-ín-rín bí irun ni ó wà nínú okùn yìí, ìmọ́lẹ̀ sì ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ kọjá nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n NITEL nìkan ni ó ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹni tí ó bá ní kànga kan ṣoṣo ní abúlé, iye tí ó bá wù ú ni yóò ta omi rẹ̀. Nítorí náà, okùn dé, ṣùgbọ́n ọ̀wọ́n kò lọ.

Ọdún 2010 ni àyípadà ńlá dé. Nínú ọdún náà ni Glo-1, tí ó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, àti MainOne, tí ó ti Pọ́túgà wá, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Obìnrin kan, Funke Opeke, ẹni tí ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa iná mànàmáná ní Ilé-Ifẹ̀ kí ó tó lọ ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ni ó dá MainOne sílẹ̀. Okùn rẹ̀ gùn tó nǹkan bí 7,000 kìlómítà. WACS àti ACE tẹ̀lé e. Equiano ti Google sì gúnlẹ̀ ní 2022. Ìdíje dé, iye owó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀.

Pàtàkì òwe tí ó ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà hàn ní ọjọ́ 14 Oṣù Kẹta, 2024. Ní ọjọ́ náà, okùn mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì dákú ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Glo-1 àti Equiano kò sí lára àwọn tí ó bàjẹ́. Bí kì í bá ṣe tiwọn ni, ìyà Nàìjíríà ìbá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti Èkó Dé Warri

Gbogbo okùn tí a dárúkọ wọ̀nyí ni ó gúnlẹ̀ sí Èkó. Èyí ni ó yàtọ̀ sí ti 1886, nígbà tí wáyà dé Brass àti Bonny pẹ̀lú. Ohun tí ó bá dé Èkó ṣì ní ìrìn-àjò nǹkan bí 400 kìlómítà láti rìn kí ó tó wọ Warri. Ẹ̀bá títì ni wọ́n sábà máa ń ri irú okùn bẹ́ẹ̀ mọ́. Kátakàtà tí ń tún ọ̀nà ṣe lè gé e láìmọ̀, olè sì lè mọ̀ọ́mọ̀ gé e. Owó tí àwọn ìpínlẹ̀ ń gbà kí wọ́n tó jẹ́ kí a gbẹ́ ilẹ̀ tún jẹ́ ìdínà. Ní 2013 ni wọ́n fẹnu kò sí ₦145 lórí mítà kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kò tẹ̀lé e, tí àwọn gómìnà fi tún ní láti fẹnu kò sí i ní 2020. Ní 2024 ni ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé dúkìá pàtàkì orílẹ̀-èdè ni àwọn ohun èlò ìbánisọ̀rọ̀ wọ̀nyí, àti pé ọ̀daràn ni ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ bà wọ́n jẹ́.

Ìdínà mìíràn wà tí ojú kò rí. Kí wọ́n tó dá IXPN, ibùdó tí àwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ti ń pàdé, sílẹ̀ ní Èkó ní 2006, ìwé tí ẹnì kan kọ láti Warri sí ará Èkó lè kọ́kọ́ lọ sí Yúróòpù kí ó tó padà wálé. Lẹ́yìn náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ilẹ̀ òkèèrè bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹ̀dà ẹrù wọn pamọ́ sí Èkó, tí kì í fi í ṣe gbogbo nǹkan ni ó ń la òkun kọjá mọ́.

Ilé ni a ti ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Bí ọ̀nà ti ń gbòòrò ni ẹrù náà ń wúwo sí i. Láti 2003, tí ilé-iṣẹ́ Valve ti ṣí Steam, ni títa géèmù láìlo àwo ti ń gbilẹ̀. Géèmù mìíràn lónìí lé ní 100 gígábáìtì, èyí tí ó ju ẹrù àwo CD 140 lọ. Nítorí náà, ìṣirò ni ó yẹ kí ó ṣáájú ìráhùn. Ọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ pè ní 20 mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan kò ju mẹ́gábáìtì 2.5 lọ, nítorí pé bíìtì 8 ni ó wà nínú báìtì kan. Géèmù 100 gígábáìtì yóò gba 40,000 ìṣẹ́jú-àáyá lórí rẹ̀, èyí tí ó lé ní wákàtí 11. Ẹni tí kò mọ èyí yóò pe ohun tí kò bàjẹ́ ní ohun tí ó bàjẹ́.

Bí ó bá pẹ́ ju bí ìṣirò ti wí lọ, kí á fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ ráútà, kí á sì wọn ìyára rẹ̀. Bí ó bá yá lórí wáyà, tí ó sì falẹ̀ lórí Wi-Fi, inú ilé ni ẹ̀bi wà. Ìgbì 2.4 GHz ń la ògiri kọjá ṣùgbọ́n kò yára púpọ̀. 5 GHz yára ṣùgbọ́n ògiri búlọ́ọ̀kù ń dá a dúró. Kí á tún wò bóyá àwọn fóònù inú ilé ń jẹ nínú ọ̀nà kan náà. Nígbà mìíràn, díìsìkì kọ̀ǹpútà tí ó ti gbó ni kò lè tú ẹrù bí ó ti ń dé.

Bí ó bá falẹ̀ lórí wáyà pẹ̀lú, kí á tún un wọ̀n ní ìdájí. Bí ó bá yá ní ìdájí, tí ó sì falẹ̀ ní alẹ́, èrò ti pọ̀ jù lórí òpó àdúgbò. Bí gbogbo nǹkan mìíràn bá yá, tí géèmù nìkan ń falẹ̀, ibi tí a ti ń fà á lè jìnnà, tàbí kí èrò pọ̀ níbẹ̀. Steam gbà kí á yan ibùdó mìíràn. Bí gbogbo rẹ̀ bá falẹ̀ tọ̀sán-tòru, ìgbà náà ni ó tó àkókò láti fẹjọ́ sun ilé-iṣẹ́, kí á sì béèrè bóyá okùn kan ti já.

Ní ìparí, àṣìṣe nínú ìwádìí yìí a máa jẹ owó. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ògiri ilé rẹ̀ ń dí lọ́wọ́, tí ó sì lọ ra détà tí ó wọ́n jù, ọ̀nà òkun ni ó sanwó fún, nígbà tí ìdínà rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ mẹ́wàá lọ sí i. Ní 2002, òótọ́ ni pé kò sí ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè ṣe ní Warri láti mú ọ̀nà náà yára. Àmọ́ ìdínà ti ṣí kúrò níbẹ̀, ó sì ti dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó.