Àjẹkì (àìsàn)
Àìsàn ọpọlọ tí í mú ènìyàn jẹ oúnjẹ rẹpẹtẹ láàárín àkókò kúkurú, láìlè kó ara rẹ̀ níjàánu. Albert Stunkard, oníṣègùn ọpọlọ ará Amẹ́ríkà, ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1959 láàárín àwọn tó sanra jù. Ní 2013 ni DSM-5, ìwé atọ́nà àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà, yà á sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí àìsàn: irú ìjẹun bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa wáyé, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún oṣù 3. Nítorí náà, ẹni tó jẹ ìkọ́kọrẹ́ àjẹyó níbi ìnáwó ní Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́ kò ṣàìsàn. Wọ̀bìà náà yàtọ̀: ojú kì í ti wọ̀bìà, ṣùgbọ́n aláìsàn yìí sábà máa ń jẹun ní ìkọ̀kọ̀, ìtìjú a sì bò ó lẹ́yìn náà. Kì í ṣe gbogbo àwọn tó ní àìsàn yìí ló sanra. Ìjíròrò pẹ̀lú onímọ̀ ìhùwàsí, pàápàá CBT (ìtọ́jú tó ń tún èrò àti ìṣe ènìyàn ṣe), wà lára ìtọ́jú rẹ̀.