Òróòro Tó Fara Pamọ́ Sábẹ́ Àìsàn Mìíràn: Àyẹ̀wò àti Iṣẹ́ Abẹ ní Ìlọrin

Ẹni tó bá ti kun ẹran Iléyá rí ní Ìlọrin mọ òróòro dáadáa. Àpò kékeré aláwọ̀ ewé tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ ẹ̀dọ̀ ni, ọwọ́ pẹ̀lẹ́ la sì fi ń yọ ọ́, torí bó bá bẹ́, ẹran korò nìyẹn. Ti èèyàn náà kò yàtọ̀ púpọ̀: omi mìlílítà 30 sí 50 ló ń gbà, ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe omi ọ̀hún, òun ló sì ń bá wa da ọ̀rá inú oúnjẹ.

Ìwé ìṣègùn àwọn òyìnbó kọ́ wa pé obìnrin tó sanra, tó ti lé ní 40 ọdún, ni ká máa fura sí pé òkúta wà nínú òróòro rẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ọmọ ọdún mẹ́wàá tó rù lè ní òkúta nínú òróòro. Ẹ̀jẹ̀ pupa tó yẹ kó lo ọjọ́ 120 kì í ju ọjọ́ 10 sí 20 lọ lára ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Bó ṣe ń fọ́ ni àwọ̀ inú rẹ̀ ń ṣàn bá òróòro, tó sì ń dì di òkúta dúdú. Wàhálà ibẹ̀ ni pé gbogbo ìrora irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní kíráísìsì, ìyẹn ìrora tí àrùn náà fúnra rẹ̀ ń fà, ojú rẹ̀ sì ti máa ń pọ́n bí ìyeyè tẹ́lẹ̀. Ta ni yóò wá rántí òróòro? Kí dókítà tẹ ìka mọ́ abẹ́ egungun ìhà ọ̀tún, kó ní kí ọmọ náà fa èémí sínú. Bí èémí bá há lójijì, kí wọ́n gbé e lọ ṣe skáànù. Kó má jẹun fún nǹkan bíi wákàtí 6 ṣáájú, nítorí òróòro ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun a ti sún kì.

Táífọ́ọ̀dì ní ọgbọ́n tirẹ̀. Kòkòrò rẹ̀ a máa sá pamọ́ sínú òróòro, pàápàá níbi tí òkúta bá wà. Mary Mallon, alásè tí ara rẹ̀ le koko, kó o ran àwọn èèyàn ní New York. Wọ́n ní kó jẹ́ kí àwọn gé òróòro rẹ̀, ó kọ̀ jálẹ̀, àhámọ́ ló sì kú sí ní 1938. Ní 2001, àwọn oníṣẹ́ abẹ Ilé-Ìwòsàn Olùkọ́ni Yunifásítì Ìlọrin ṣàtẹ̀jáde lórí ọmọdé 106 tí táífọ́ọ̀dì dá ìfun wọn lu. Ìfun ni ojú máa ń wà lára nínú irú ikùn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, òróòro tí kò ní òkúta kankan ló lu. Èrò tèmi ni pé kí ọwọ́ kan abẹ́ ẹ̀dọ̀ kí wọ́n tó rán ikùn pa, yálà wọ́n ti rí ojú ihò ní ìfun tàbí wọn ò rí i.

Láti ìgbà tí Carl Langenbuch ti kọ́kọ́ gé òróòro kúrò ní Berlin ní 1882, gígé gbogbo rẹ̀ ni ìtọ́jú tó dájú. Bí wọ́n bá yọ òkúta nìkan, àpò náà lè ṣe òmíràn. Erich Mühe, ará Jámánì bákan náà, gba ojú ihò kékeré ṣe é ní 1985. Fún ẹni fòníkú-fọ̀ladìde, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti parí kí ọ̀bẹ tó kan ara: wọ́n á fa omi sí i lára, wọ́n á fún un lẹ́jẹ̀ bó bá yẹ, òtútù kò sì gbọdọ̀ mú un. Àwọn mìíràn wà tí ẹ̀dọ̀ wọn wà lápá òsì láti inú oyún, tí oníṣẹ́ abẹ yóò fi yí ibi ìdúró rẹ̀ padà pátápátá. Bó ti wù kó rí, kò gbọdọ̀ gé ohunkóhun àfi tó bá ti rí i pé nǹkan méjì péré, ọ̀pá òróòro àti òpó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ló wọ inú àpò náà. Bí wíwú kò bá jẹ́ kó rí i, kó gé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ tó, kó fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ọ̀pá ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ṣèèṣì gé ló ń ba ayé aláìsàn jẹ́.

Òkúta ni ẹbí sábà máa ń béèrè lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wọ́n a fi sínú ìgò, wọ́n a máa fi han àlejò. Kí wọ́n máa gbé e lọ. Àpò tí wọ́n gé ni kí dókítà má jẹ́ kó sọnù kó tó dé yàrá àyẹ̀wò, torí jẹjẹrẹ a máa wà nínú òmíràn tí ojú lásán kò rí.